Wọ́n ní kò sí owó ibodè láàrin Ìlú Ọba àti EU. Kí ló wá dé tí Hamburg ń gba 12% lórí aṣọ tí a rán ní Lọ́ńdọ̀nù?

Alánkàrá_SE15

Ẹ̀yin àgbà ọlọ́jà, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ankara ni mò ń rán ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà ní Hamburg, Dublin àti Belfast. Àwọn kan tún ń béèrè oúnjẹ: gàrí, èlùbọ́, iṣu, ẹ̀wà olóyin, panla, pọ̀nmọ́.

Ohun tó rú mi lójú rèé. Nígbà tí Ìlú Ọba ń jáde kúrò nínú EU, gbogbo ìròyìn ló gbé e pé àdéhùn òwò tí wọ́n fẹnu kò lé ní 24 oṣù Kejìlá, 2020 ti sọ owó ibodè di òdo. Aṣọ tí mò ń tà, Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti gé e, ibẹ̀ náà ni mo ti rán an. Síbẹ̀, bí páálí bá dé Hamburg, wọ́n á ní kí oníbàárà san 12%, wọ́n á tún gbé VAT lé e lórí. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ṣé mo kọ ìwé rẹ̀ ṣì ni?

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, èwo nínú àwọn oúnjẹ yẹn ló ṣì lè kọjá? Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ Belfast. Abẹ́ ọba kan náà la jọ wà, kí ló dé tí akérù ń bi mí léèrè bí ẹni tó ń kẹ́rù lọ òkè òkun?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là á yé mi. "Brexit ni" nìkan kò tó mi.

Ojú_Ibodè

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Òótọ́ ni méjèèjì. Ohun tí ìròyìn kò sọ dáadáa ni pé ọjà tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ìlú Ọba tàbí EU nìkan ni òdo yẹn wà fún. Ọjà tó kàn gba Ìlú Ọba kọjá kò sí níbẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ìlú Ọba wà nínú EU, odi kan ṣoṣo ló yí gbogbo wọn ká. Ọjà láti Ṣáínà tàbí láti Èkó á san owó ibodè lẹ́ẹ̀kan, níbi tó bá ti kọ́kọ́ wọlé, ì báà ṣe Felixstowe, ì báà ṣe Rotterdam. Bó bá ti san án, ó ti di ọmọ ilé nìyẹn. Ó lè lọ Hamburg, ó lè lọ Dublin, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ìran rẹ̀. Ìlú Ọba kúrò ní 31 oṣù Kínní, 2020, ṣùgbọ́n wọ́n fi odi náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di agogo 11 alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà. Láti ìgbà náà, odi ti di méjì. Ọjà tó bá dé ẹnu odi kejì, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: níbo ni wọ́n ti ṣe ọ́? Wọn kì í béèrè pé níbo lo ti gbéra.

Marks & Spencer bá a pàdé ní oṣù Kínní 2021 lórí súìtì wọn tó ń jẹ́ Percy Pig. Jámánì ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á kó o wá sí Ìlú Ọba, wọ́n á tún kó o lọ sí ìsọ̀ wọn ní Ireland. Súìtì tí wọ́n ṣe nínú EU, tó sì ń padà sínú EU, bọ́ sábẹ́ owó ibodè nítorí pé ó yà kí Ìlú Ọba lójú ọ̀nà.

Ó wá kan aṣọ, ibi tó ti ń ká àwọn aránṣọ wa lára jù. Ẹni tó bá gé aṣọ tó sì rán an ní Lọ́ńdọ̀nù á rò pé ọjà Lọ́ńdọ̀nù ni. Òfin orírun inú àdéhùn náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Fún aṣọ tí a fi aṣọ híhun rán, ìyẹn orí 62 nínú ìwé owó ibodè, níbi tí gáùn, ṣẹ́ẹ̀tì, sòkòtò àti búbà wà, wọ́n gbọ́dọ̀ hun aṣọ náà níhìn-ín tàbí nínú EU, kí wọ́n sì gé e kí wọ́n rán an níbẹ̀ pẹ̀lú. Tàbí kí wọ́n tẹ àwòrán sí i níbẹ̀ ṣáájú gígé àti rírán, èyí sì ní ìlànà líle tirẹ̀ lórí iye owó aṣọ funfun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àti iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ṣe sí i. Rírán nìkan kò tó. Ankara tí wọ́n hun tí wọ́n sì tẹ̀ ní Ṣáínà, bí ẹ fi rán gáùn tó rẹwà jù lọ ní Peckham, kò ní ẹ̀tọ́ sí òdo ní Hamburg.

Ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní páálí gáùn òwú kan jẹ́ €1,000, owó ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ €80. EU máa ń ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn, nítorí náà orí €1,080 ni wọ́n ti máa gba 12%: €129.60. VAT Jámánì, 19%, kì í wá ṣe orí €1,080 ni wọ́n ti ń gbà á o. Orí €1,209.60 ni, ọjà pẹ̀lú owó ọkọ̀ pẹ̀lú owó ibodè fúnra rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ €229.82. Àpapọ̀ rẹ̀ €359.42, kí akérù tó fi owó iṣẹ́ tirẹ̀ kún un. Bí gáùn náà bá ní ẹ̀tọ́ sí òdo, VAT €205.20 nìkan ni wọ́n máa san. €154.22 ló wà láàrin méjèèjì, aṣọ Ṣáínà yẹn sì ti san 8% tẹ́lẹ̀ nígbà tó ń wọ Ìlú Ọba. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba owó ibodè lórí aṣọ kan ṣoṣo.

Ọ̀nà tó sún mọ́ yín jù láti bọ́ nínú rẹ̀ ni kí ẹ yí ibi tí ẹ ti ń ra aṣọ padà. Àdéhùn náà gbà kí ẹ ka aṣọ tí orírun rẹ̀ jẹ́ EU sí ti Ìlú Ọba bí ẹ bá ti fi ṣiṣẹ́ gidi níbí. Bí ẹ bá ra aṣọ ní Helmond ní Họ́láńdì, tí ẹni tó tà á sì kọ gbólóhùn orírun sórí ìnfọ́ìsì pé ti EU ni, gáùn tí ẹ bá fi rán ní Lọ́ńdọ̀nù di ti Ìlú Ọba. Òdo ni owó ibodè rẹ̀ ní Hamburg. Orí gbólóhùn yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Pé wọ́n ń pe aṣọ ní Hollandais lọ́jà Balógun tàbí ní Dantokpa ní Kútọnu kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ìnfọ́ìsì bá kọjá €6,000, ẹni tó ń tà á nínú EU gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà REX (nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àwọn tó ń kó ọjà ránṣẹ́ sókè òkun), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbólóhùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ ó kọ gbólóhùn tiyín sórí ìnfọ́ìsì tí ẹ ó fi ránṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà EORI yín (èyí tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń dá ọlọ́jà mọ̀) tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GB. HMRC, àjọ owó orí Ìlú Ọba, ń fúnni ní EORI lọ́fẹ̀ẹ́. Kò gba òǹtẹ̀, kò gba ìwé ìjọba. Ọ̀rọ̀ inú àdéhùn ni kí ẹ dà kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ẹ má ṣe tún un sọ lọ́rọ̀ ara yín. Oṣù 12 ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀rí rẹ̀ fún ọdún 4, torí kọ́sítọ́ọ̀mù lè padà wá béèrè.

Aṣọ òkè láti Ìsẹ́yìn tàbí àdìrẹ láti Abẹ́òkúta tó jẹ́ pé Hamburg ló ń lọ, ẹ jẹ́ kó ti Èkó lọ tààrà. Bó bá di dandan kó gba Lọ́ńdọ̀nù, Ìlú Ọba ṣì wà nínú àdéhùn ìrékọjá. Aṣojú tó ní àṣẹ lè fi ìwé T1 gbé e kọjá láìjẹ́ pé ó san owó ibodè níbí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú páálí náà lójú ọ̀nà ni o.

Ohun mìíràn tó ń dá páálí dúró ni àpèjúwe ọjà. "African wear" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó wà níbi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní Hamburg. Ẹ kọ ọ́ báyìí lédè tí wọ́n gbọ́: gáùn obìnrin, aṣọ híhun, òwú 100%, kóòdù 6204 42 00, ẹyọ 1, 0.4 kg, iye owó rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin olówùú jẹ́ 6205 20 00.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Dublin

Ojú_Ibodè ti là á dáadáa, ṣùgbọ́n ó fò ibì kan tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Páálí tí ọjà inú rẹ̀ kò ju €150 lọ, tó ń lọ tààrà sọ́wọ́ ẹni tó rà á, kò san owó ibodè rárá títí di òpin oṣù Kẹfà 2026, orírun rẹ̀ ì báà jẹ́ Ṣáínà. VAT nìkan ló kàn án. Nítorí náà gáùn €60 kan sí oníbàárà kan kò yẹ kó san 12%. Bí wọ́n bá gbà á, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ kó ti ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ sínú páálí kan, tí iye rẹ̀ sì kọjá €150. Kí olúkúlùkù ní páálí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pín ohun tí ẹnì kan ṣoṣo rà sí páálí mẹ́ta láti sá fún un, wọ́n máa ń kà á pọ̀ ni.

Ìdáríjì yìí ní òpin o. EU ti pinnu láti fòpin sí i, pé láti 1 oṣù Keje, 2026 wọn ó máa gba €3 lórí irú ọjà kọ̀ọ̀kan nínú páálí kékeré. Ẹ fi sínú iye tí ẹ ń dá lé ọjà.

Ó wá ku VAT. Títí di oṣù Kẹfà 2021, ohun tí kò tó €22 kì í san án. Láti 1 oṣù Keje ọdún náà, gbogbo rẹ̀ ló ń san, láti orí Yúrò kìíní. Ibẹ̀ ni ètò IOSS ti wọlé: ẹ̀yin ni ẹ ó gba VAT ilẹ̀ tí oníbàárà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń rà á, 23% fún aṣọ àgbà ní Ireland, 19% ní Jámánì, ẹ ó sì kọ nọ́ńbà IOSS sínú ìsọfúnni páálí. Yóò kọjá bí lẹ́tà. Ẹni tí òwò rẹ̀ kò sí nínú EU gbọ́dọ̀ gba aṣojú tó wà níbẹ̀ kó tó lè forúkọ sílẹ̀, aṣojú náà ló ń ṣe ìṣirò lóṣooṣù, ó sì ń gba owó rẹ̀. Fún ẹni tó ń tà ní páálí mẹ́wàá lóṣù, kò pé e. Kó tà lórí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba VAT fúnra rẹ̀ ló dára jù. Bí kò bá sí IOSS, akérù á san VAT ṣáájú, á wá béèrè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà pẹ̀lú owó iṣẹ́, ọ̀pọ̀ oníbàárà á sì kọ̀ ọ́. Bí páálí ṣe ń padà nìyẹn.

Ẹ má ṣe gba ìmọ̀ràn pé kí ẹ kọ "ẹ̀bùn" sí i. Ẹ̀bùn tí kò ní VAT kò gbọ́dọ̀ ju €45, ẹni tí kì í tajà ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kì í tajà. Ìnfọ́ìsì inú páálí máa tú u fó.

Ìyá_Ọlọ́jà_Oúnjẹ

Ẹ jẹ́ kí n gba ti oúnjẹ. Pípín ni kí ẹ pín in lọ́kàn: èyí tó ti ara ohun ẹlẹ́mìí wá, èyí tó jẹ́ ohun ọ̀gbìn tútù, àti èyí tí iná tàbí ọlọ ti yí padà.

Pọ̀nmọ́, panla, edé, ìgbín, ohun ẹlẹ́mìí ni gbogbo wọn lójú EU. Láti 1 oṣù Kínní, 2021, Ìlú Ọba di ilẹ̀ òde fún wọn, bí Nàìjíríà ṣe jẹ́ ilẹ̀ òde. Ọjà títà irú èyí gbọ́dọ̀ ti ilé-iṣẹ́ tó wà nínú ìwé EU jáde. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí ìlera tí dókítà ẹranko fọwọ́ sí, kí wọ́n kéde rẹ̀ lórí TRACES (ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí EU fi ń tọpa irú ọjà bẹ́ẹ̀) kó tó dé, kó sì gba ibùdó àyẹ̀wò wọlé. Ìwé-ẹ̀rí náà kì í ṣe ọ̀kan fún gbogbo páálí. Irú ọjà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹni tó bá kó panla àti ìgbín sínú páálí kan nílò ju ìwé-ẹ̀rí kan lọ. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń kó ọkọ̀ kún fún irú ẹja kan lè gbé e. Ìsọ̀ wa ní Woolwich tàbí Peckham kò lè gbé e, n kò ní tàn yín.

Pọ̀nmọ́ jẹ́ ti awọ màlúù, ẹ gbàgbé rẹ̀. Nínú báàgì ìrìnnà pàápàá, ẹran àti wàrà láti Ìlú Ọba kò gbọdọ̀ wọ EU, bó ti wù kó kéré tó. Ní oṣù Kínní 2021, kọ́sítọ́ọ̀mù Họ́láńdì gba búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ há lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹja wà lára ìwọ̀nba ohun tí wọ́n yọ̀ǹda fún arìnrìn-àjò, tó 20 kg fún ẹnì kan, èyí tó máa jẹ fúnra rẹ̀. Títà kò sí nínú rẹ̀.

Ní ti panla, Nọ́wè ló ti ń wá. Nọ́wè kò sí nínú EU, ṣùgbọ́n ó wà nínú EEA, ìyẹn àwọn ilẹ̀ tó ń bá EU pín ọjà kan náà, ẹja rẹ̀ sì ń wọ Dublin àti Hamburg láìjẹ́ pé wọ́n dúró gba ìwé dókítà ní ibodè. Nígbà tó bá kọ́kọ́ gba Lọ́ńdọ̀nù ló ń di ẹja ilẹ̀ òde. Ẹ ran oníbàárà yín ní Dublin lọ́wọ́, ẹ ní kó rà á lọ́wọ́ ọlọ́jà tó wà nínú EU.

Ohun ọ̀gbìn tútù, bí iṣu, ata tútù, ewédú, gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí pé kòkòrò àti àrùn kò sí lára rẹ̀. Èso márùn-ún péré ni òfin yọ sílẹ̀: ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ (àgbagbà náà wà níbẹ̀), déètì, àti durian. Iṣu tó ti Gánà wá sí Lọ́ńdọ̀nù, tó tún fẹ́ lọ Dublin, nílò ìwé-ẹ̀rí àtúnkójáde lórí ti àkọ́kọ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà fún wọn, nígbà tó bá wá di pé olùyẹ̀wò fẹ́ rí i, ó ti bọ́.

Gàrí àti èlùbọ́ rọrùn díẹ̀, torí wọ́n ti yan ọ̀kan, wọ́n ti lọ èkejì. Wọn ò gba ìwé-ẹ̀rí ohun ọ̀gbìn. Lébẹ́ẹ̀lì ló ń dá wọn dúró. Oúnjẹ tí a ti dì fún títà nínú EU gbọ́dọ̀ ní orúkọ, èròjà, ìwọ̀n, ọjọ́ tó máa bàjẹ́, àti orúkọ pẹ̀lú àdírẹ́sì ẹni tó kó o wọlé nínú EU. Àdírẹ́sì Lọ́ńdọ̀nù tó tó nígbà kan kò tó mọ́. Gàrí inú ọ̀rá funfun tí a fi bírò kọ "2 kg" sí lára kò ní kọjá.

Ẹ̀wà ń dùn mí. Láti oṣù Kẹfà 2015 ni EU ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà nítorí dichlorvos tí wọ́n rí nínú rẹ̀, oògùn kòkòrò tí wọ́n ń dà sí i ní ibi ìpamọ́. Ìlú Ọba ṣì wà nínú EU nígbà náà, kì í ṣe ẹ̀bi jíjáde. Ẹ̀wà olóyin tí a tún dì ní Lọ́ńdọ̀nù kò yí orírun padà, ẹ̀wà Nàìjíríà ló ṣì jẹ́. Àfi kí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀wà nílé kọ́ lílo àpò tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, tó ń pa kòkòrò láìsí oògùn.

Bí ẹrù yín bá tóbi débi pé ó nílò páálẹ́ẹ̀tì onígi, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ igi náà. Ó gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ISPM 15, èyí tó sábà máa ń ní lẹ́tà HT lára, ìyẹn ni pé wọ́n ti mú inú igi náà gbóná dé 56°C fún ìṣẹ́jú 30. Kí Ìlú Ọba tó jáde, kò sẹ́ni tó ń wò ó láàrin Dover àti Calais. Ní báyìí, páálẹ́ẹ̀tì tí kò ní òǹtẹ̀ lè dá gbogbo ẹrù orí rẹ̀ dúró.

Ìlú Ọba àti EU fẹnu kò ní 19 oṣù Karùn-ún, 2025 pé àwọn máa ṣe àdéhùn lórí oúnjẹ àti ohun ọ̀gbìn, èyí tó máa dín ìwé wọ̀nyí kù gan-an. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìwé ni ìwé.

Alánkàrá_SE15

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Páálí tí oníbàárà bá kọ̀ ńkọ́? Wọ́n tún ń ní kí ènìyàn san VAT níbí lórí ọjà ara rẹ̀. Ẹ sì má gbàgbé Belfast.

Akérù_Òkun_Irish

Páálí tó padà: ìdáríjì wà fún ọjà tó ń padà sílé láàrin ọdún 3, bí kò bá sí ohun tí ẹ yí padà lára rẹ̀. Ẹ kò ní san owó ibodè, ẹ kò ní san VAT. Ṣùgbọ́n kò ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀. Ohun tí ẹ nílò ni ẹ̀rí pé ó jáde: ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù CN22 tàbí CN23 tí ẹ kọ lẹ̀ mọ́ páálí (CN22 dé £270, CN23 bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ), nọ́ńbà tí a fi ń tọ páálí, àti ìnfọ́ìsì. Kí ẹni tó ń dá a padà kọ ọ́ sára páálí gbangba pé ọjà tó ń padà ni. Bí kò bá sí ìyẹn, kọ́sítọ́ọ̀mù níbí á kà á sí ọjà tuntun láti Jámánì.

Belfast. Wọn kò fẹ́ ibodè lórí ilẹ̀ láàrin Belfast àti Dublin, nítorí àlàáfíà tí wọ́n ti jà fún. Ibodè ọjà gbọ́dọ̀ wà níbì kan ṣá, ni wọ́n bá gbé e sójú òkun láàrin Liverpool àti Belfast. Northern Ireland ṣì ń tẹ̀lé òfin ọjà EU. Àdéhùn Windsor, 27 oṣù Kejì, 2023, ló mú un rọrùn díẹ̀. Páálí láti ọwọ́ ọlọ́jà sí ẹni tó fẹ́ lo ọjà fúnra rẹ̀ kò nílò ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù láti 1 oṣù Karùn-ún, 2025, bí akérù yín bá wà nínú ètò tí ìjọba ṣe fún àwọn akérù. Ìbéèrè tí akérù ń bi yín ni pé: ṣé ẹni tó rà á máa wọ̀ ọ́ ni, àbí ó máa tún un tà? Bó bá jẹ́ ìsọ̀ tó máa tún un tà, ẹ forúkọ sílẹ̀ nínú UKIMS, ètò ìjọba fún ọlọ́jà tó ń kó ọjà lọ Northern Ireland, kí ẹ lè kéde pé ọjà náà kò ní kọjá sí Dublin. Láìsí UKIMS, owó ibodè EU lè dé bá a, àti 12% yẹn náà.

Ohun tó lé ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kékeré kúrò ní Belfast àti EU kì í tiẹ̀ ṣe owó ibodè. Òfin ààbò ọjà tí wọ́n ń pè ní GPSR ni, tó bẹ̀rẹ̀ ní 13 oṣù Kejìlá, 2024. Aṣọ wà nínú rẹ̀. Lára aṣọ tàbí ọ̀rá rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ yín, àdírẹ́sì àti ímeèlì, pẹ̀lú ti ẹnì kan tó wà nínú EU tàbí Northern Ireland tó gbà láti dúró fún ọjà náà. Ohun kan náà gbọ́dọ̀ hàn lójú ìwé tí ẹ ti ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ní ìbátan tó ní òwò tó forúkọ sílẹ̀ ní Dublin, ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìwé àdéhùn. Kó má jẹ́ pé ẹ kàn yá orúkọ rẹ̀ lò, torí òun ni wọ́n máa kàn sí bí aṣọ bá mú ọmọ lára.

Ìwé_Ìrìnnà

Bí ẹ bá ń rò ó pé kí ẹ gbé gáùn sínú báàgì, kí ẹ lọ tà á fúnra yín níbi àríyá ní Hamburg, ẹ dúró ná. Ọjà títà inú báàgì ni kí ẹ kéde ní ìhà méjèèjì. Àdéhùn náà sì gbà kí àlejò oníṣòwò láti Ìlú Ọba wá sí ibi ìpàtẹ ọjà, kó fi ọjà hàn, kó gba ìwé ẹni tó fẹ́ rà. Kò gbà kó tà á fún gbogbo ènìyàn lórí tábìlì, kó sì fi ọjà lé wọn lọ́wọ́. Fún gáùn àfihàn tí ẹ ó kó padà wálé, ẹ lọ gba ATA Carnet, ìwé tó ń jẹ́ kí ọjà wọlé fún ìgbà díẹ̀ láìsan owó ibodè, ó ń ṣiṣẹ́ fún ọdún kan.

Ìwé-ìrìnnà Bìrìtéènì kò gbọdọ̀ pé ọdún 10 lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ oṣù 3 kù lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò. Ọjọ́ 90 nínú 180 ni ẹ lè lò níbẹ̀, láti 12 oṣù Kẹwàá, 2025 sì ni EES, ẹ̀rọ tó ń kọ ìwọlé àti ìjáde sílẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á pẹ̀lú ìka ọwọ́. Ẹni tó ní ìwé-ìrìnnà Nàìjíríà tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bìrìtéènì, tẹ́lẹ̀ ọ̀fẹ́ ni físà rẹ̀ bí wọ́n bá jọ ń lọ. Ẹ̀tọ́ yẹn ti lọ. Físà Schengen gidi ló ń gbà báyìí, €90.

Alánkàrá_SE15

Ìbéèrè kan ló kù. Ká ní mo gba aṣọ tó ní gbólóhùn orírun EU. Òwú ìránṣọ, bọ́tìnnì, síìpù àti láínì (aṣọ abẹ́nú gáùn) mi ṣì ń ti Ṣáínà wá. Ṣé wọn ò ní ba òdo náà jẹ́?

Ojú_Ibodè

Bọ́tìnnì àti síìpù kò kan òfin náà, torí wọn kì í ṣe aṣọ. Òwú ìránṣọ àti léèsì kékeré tí ẹ fi ṣọ̀ṣọ́ lè ti ibikíbi wá, bí iye gbogbo wọn kò bá ju 8% iye tí ẹ ń ta gáùn náà kúrò ní ìsọ̀. Láínì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Wọ́n dárúkọ láínì àti aṣọ líle tí a ń fi sí abẹ́ kọ́là, wọ́n ní kò sí nínú 8% yẹn. Gáùn tí aṣọ òde rẹ̀ jẹ́ ti EU, tí láínì rẹ̀ jẹ́ ti Ṣáínà, ti pàdánù òdo. Ẹ ra láínì náà lọ́wọ́ ẹni tó lè kọ gbólóhùn orírun, tàbí kí ẹ rán gáùn aláìnílàínì fún Hamburg.